Òwú Mi Ṣì Wà Níbẹ̀

Àwa mọ́kàndínlọ́gbọ̀n la wọkọ̀ ní Lafẹ́nwá,
ọkọ̀ ilé-ìwé tí wọ́n kùn láwọ̀ ìyeyè,
àga rẹ̀ ṣe wẹ́kú ìdí ọmọdé,
àwa àgbà ká orúnkún mọ́ àyà.
Ìdáyàtù di ìrẹsì ọ̀fadà sínú kúlà,
ó ní ebi kò ní í fi wá ṣẹlẹ́yà nílùú onílùú.
Ṣówẹ̀mímọ̀ tó ń ṣírò owó búlọ́ọ̀kù n'Ítòkò
ti ṣírò ayò tán ká tó dé Ṣàgámù:
méjì sódo. Bó bá pọ̀ jù, mẹ́ta.

Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, n kò sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni Jìnádù gbé bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún wá bá mi,
ó lanu bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò Ògùn.
Mo rán an. Mo tún un rán.
N kò gbowó. Mo ní, "Tá a bá gòkè, kó o wá san án."

Ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo Abẹ́òkúta ti gbọ́,
títí kan àwọn tí kò mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù rí roboto.
A ta ọ̀mì, ọ̀kan sí ọ̀kan, ilẹ̀ ń ṣú lọ,
wọ́n ní ó di gbá-a-sílé-kí-n-gbá-a-sílé.
Wọ́n gbá tiwọn. A gbá tiwa.
Ó ku Jìnádù.
Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ bí ẹni tẹ́ ọmọ tó sùn,
ó fẹ̀yìn rìn níṣìísẹ̀ mẹ́fà (mo kà á),
bọ́ọ̀lù fò kọjá òpó, ó fò kọjá ọgbà,
ó lọ bọ́ sínú oko ọ̀pẹ.
Oko ọ̀pẹ Òkìtìpupa! Bóyá wọ́n rí i, n kò mọ̀.

Igbe tó ta lẹ́yìn náà kì í ṣe tiwa.

Ọkọ̀ pàápàá kọ̀, kò ṣíná.
Àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ tó nà wá, tí wọ́n ń fò láàrin títì,
àwọn náà ló bọ́ ẹ̀wù sórí èjìká, tí wọ́n tì wá.
Ọ̀kan nínú wọn na púpurú gba ojú fèrèsé:
"Ẹ kú ìrìn o, ará Ẹ̀gbá."
Ṣówẹ̀mímọ̀ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi gbà á.
Ó gbóná. Mo jẹ ẹ́ láìlọ́bẹ̀ títí dé Orè.

Ní Orè, ẹnìkan ní rẹfirí ni.
Òmíràn ní kóòṣì ni, kí ló yọ Gbádégẹṣin sí?
Òmíràn ní pápá ni, pé ó ní kòtò.
Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ abẹ́ itan.
Bí òwú bá já níkangun, bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ṣí
ìwọ̀nba èékánná kan péré,
ṣé bọ́ọ̀lù kò ní í gbòkè lọ?
Ta ni n ó bi?
Ìdáyàtù ṣí kúlà. Ìrẹsì ti fẹ́ẹ́ kan,
a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, a ń fọwọ́ wá ẹran nínú òkùnkùn.
Mùfútáù rí méjì, ó dákẹ́.

Aago kan òru kọjá ká tó wọ Kútọ̀.
Kò síná. Àwọn páànù tó ti dógùn-ún sùn léra wọn lórí
bí ìgbà tí ìròyìn ti ṣáájú wa délé.
Ajá kan ló jáde pàdé wa n'Íbarà.
Báa ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan là ń wí pé "Ó dàárọ̀,"
kò sẹ́ni tó fẹ́ kí àárọ̀ ọ̀hún mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Jìnádù dé ṣọ́ọ̀bù mi,
ó gbé ẹgbẹ̀rún náírà kan lérí àpótí.
Mo ní a kò kúkú gòkè. Ó ní òun mọ̀.
Mo gba bàtà, mo yí i sí òòrùn,
mo fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibi tí mo rán, mo tún un tẹ̀.
Òwú mi ṣì wà níbẹ̀. Ó le koko.
N kò sọ fún un bí inú mi ti dùn tó,
n kò sì sọ bí ojú ti tì mí pé ó dùn.
Rélùwéè ń kọjá lórí afárá. A dúró kí ariwo rẹ̀ lọ tán.
Ó ní, "Ẹ bá mi wo tòsì náà."